Àwo Tí Fọláfúnmi Jù

Kalamazoo, Michigan,
Ọjọ́ 16, oṣù kìíní, 1993.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, ẹ sì kú ọyẹ́. Mo lérò pé ara yín le, àti pé Fọláfúnmi àbúrò mi náà wà ní àlàáfíà. Níbí, òtútù ń mú débi pé tí èèyàn bá sunkún níta, omi ojú á dì kó tó dé àgbọ̀n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé lẹ́tà mi pẹ́. Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè.

Bàbá, ẹ óò rí àwo kan nínú ẹrù tí mo fi ránṣẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, kì í ṣe àwo oúnjẹ. Eré kan wà tí àwọn ará ibí ń ṣe. Wọ́n á dúró sínú igbó, wọ́n á máa ju àwo títí yóò fi wọ agbọ̀n irin kan tó dúró lórí òpó. Ẹni tí iye ìjù rẹ̀ bá kéré jù kó tó wọlé ló borí. Oríṣiríṣi ni àwo náà. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín ni wọ́n ń kọ́kọ́ jù, tó gbọ́dọ̀ lọ jìnnà jù lọ. Dẹ́rẹ́bà ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ wa ló ṣe é, kò tíì dé ọjà rárá.

Ọ̀gá wa fún àwa òṣìṣẹ́ mélòó kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé kí a jù ú, kí a wá sọ bó ṣe rí lọ́wọ́ àti bó ṣe ń fò. Ẹni tí àbọ̀ rẹ̀ bá wúlò jù ni wọ́n máa gbà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń dán àwo wò fún ilé iṣẹ́, wọ́n á sì bá a ṣe ìwé ìgbélùú. Mo mọ̀ pé n kò sọ fún yín tẹ́lẹ̀, Bàbá, páálí ni mò ń dì níbí. Mo ti fi yunifásítì sílẹ̀, ó ti pẹ́ díẹ̀. Tí mo bá rí ipò yìí gbà, ìyà mi tán.

Ṣùgbọ́n yìnyín ti bo gbogbo pápá. Ẹni tó bá ju àwo, inú yìnyín ló ń wọ̀, a kì í rí bó ṣe balẹ̀. Ilẹ̀ Inísà gbẹ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ gbogbo ọmọ ilé ìwé ní dísíkọ́ọ̀sì jíjù kí ẹ tó fẹ̀yìn tì, ojú yín mọ ohun tó ń fò. Ẹ bá mi jù ú, kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí. Ẹ má jẹ́ kó sọnù o, ohun ìní ilé iṣẹ́ ni, wọ́n lè béèrè rẹ̀ nígbàkígbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Adéjàre.


Inísà,
Ọjọ́ 9, oṣù kẹta, 1993.

Adéjàre,

A kí ọ. Lẹ́tà rẹ dé, ẹrù rẹ náà dé. Fọláfúnmi ló wọ bọ́ọ̀sì lọ gbà á ní pósófíìsì Ìkìrun. Orúnkún tó ń dùn mí ṣì ń dùn mí, ìwọ kò béèrè. Ibojì ìyá rẹ wà níbi tí a sin ín sí nígbà tí o kọ̀ tí o kò wá, ìyẹn náà o kò béèrè. Àbúrò rẹ ló ń tu koríko orí rẹ̀.

O ní páálí lo ń dì. Láti ìgbà tí o ti lọ ni mo ti ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé iṣẹ́ ẹnjiníà ni ọmọ mi ń kọ́. Pásítọ̀ kì í gbàdúrà tán kó má mẹ́nu ba afárá tí o máa wá kọ́ sórí odò Ọ̀tìn. N kò ní sọ fún wọn pé páálí ni. Jẹ́ kí wọ́n máa gbàdúrà wọn lọ.

O mọ bí a ṣe ń ṣe nílé yìí. Ohun tó bá ti òkè òkun dé, a kì í lò ó kí a tó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ dúpẹ́. Mo gbé àwo rẹ lọ ní ọjọ́ Sọ́ńdè. Pásítọ̀ gbé e sókè, ìjọ pàtẹ́wọ́. Kí n tó padà dé àga mi, Díákónì Titus ti gbà á, ó rò pé àwo ọrẹ tuntun ni o fi ta ìjọ lọ́rẹ, ó sì ti ń gbé e kiri láàárín ìjókòó. Mo jókòó, mò ń wo iṣẹ́ ọwọ́ ilé iṣẹ́ yín bí wọ́n ṣe ń da kọ́bọ̀ sí i. Ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó dá a padà fún mi, ojú sì tì mí púpọ̀. Ìdí nìyí tí lẹ́tà yìí fi pẹ́.

Èmi ni mo kọ́kọ́ jù ú ní pápá ilé ìwé. Èjìká mi kò gbà á mọ́, ẹsẹ̀ mi ló ṣubú lé. Mo wá ní kí Fọláfúnmi jù ú. O mọ̀ pé ó ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ nínú eré ìdárayá, ó ń retí kí ìjọba gbà á síṣẹ́. Ó tún ń retí ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú Ọpẹ́yẹmí, tíṣà kan ní Òkukù. Wọ́n ti ṣe ìdána ní oṣù kejìlá, mo kọ̀wé sí ọ nípa rẹ̀, o kò fèsì.

Ó gbé àwo náà sí ẹ̀gbẹ́ àyà, ó yí ìdí, ó sì jù ú bí ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá ọ̀tá létí. Adéjàre, àwo náà lọ. Ó kọ́kọ́ yà sọ́tùn-ún bí ẹni tó fẹ́ ṣìnà, ó lọ bẹ́ẹ̀ títí, nígbà tó wá ń rẹ̀ ẹ́, ó rọra padà sósì, ó sì sùn sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Láti ẹnu góòlù kan ló ti jù ú, ó ku díẹ̀ kó dé èkejì. Ìwọ kò ju ohunkóhun débẹ̀ rí láyé rẹ. Bí ẹni tó ń da omi ìwẹ̀ nù lo ṣe máa ń ju dísíkọ́ọ̀sì.

Bó ṣe rí lọ́wọ́: etí rẹ̀ mú jù, ó ti gé Fọláfúnmi níka. Inú rẹ̀ jìn jù, ìka kò rí ibi fẹ̀yìn tì. Tí ọwọ́ bá làágùn, ó ń yọ̀, àfi kí ó fi eérú pa ọwọ́ kó tó jù ú. Kí wọ́n dín jíjìn rẹ̀ kù, kí wọ́n sì pa etí yẹn kú díẹ̀. Ohun kan tún wà, àbúrò rẹ ló kọ́kọ́ rí i. Tí àwo náà bá ti pẹ́ nínú oòrùn ọ̀sán, ó ń rọ̀. Tó bá sì ti rọ̀, yóò yà sọ́tùn-ún, kò ní padà. Sọ èyí fún ọ̀gá rẹ.

Bàbá rẹ,
Tímótì Ọládélé.


Kalamazoo, Michigan,
Ọjọ́ 11, oṣù kẹrin, 1993.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde. Orúnkún yín ń kọ́? Mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú pé n kò béèrè nígbà yẹn. Ẹ bá mi kí ibojì Màmá.

Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Mo da ọ̀rọ̀ yín sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo gbé e fún ọ̀gá. Ó kà á, ó tún un kà, ó pè mí wọ yàrá rẹ̀, ó ní kí n jókòó. Láti ìgbà tí mo ti ń bá a ṣiṣẹ́, kò ní kí n jókòó rí. Wọ́n ti ń dín jíjìn àwo náà kù bí ẹ ṣe wí, wọ́n sì ti pa etí rẹ̀ kú. Àwọn yòókù tí wọ́n fún ní àwo, inú yìnyín ni tiwọn sọnù sí, wọn kò rí nǹkan kan sọ.

Bàbá, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ìdíje ńlá kan ń bọ̀ ní oṣù kẹjọ, ilé iṣẹ́ wa sì ń wá obìnrin tó lè ju àwo tuntun yìí kí ayé rí i. Tí Fọláfúnmi bá ń jù ú bí ẹ ṣe wí, màá mú un wá. Màá ní kí wọ́n kọ ìwé ìpè sí i, yóò fi gba físà, yóò sì máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ẹ ní kó máa jù ú lójoojúmọ́, kí ọwọ́ rẹ̀ má kú. Ẹ sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yẹn dúró ná. Kí ló fẹ́ lọ ṣe ní Òkukù lọ́dọ̀ tíṣà tí ìjọba kì í sanwó fún?

Ní ti oòrùn tó ní ó ń mú àwo rọ̀, ẹ sọ fún un kó fi ìyẹn sílẹ̀. Tirẹ̀ ni kó jù ú. Àwọn tó kàwé mọ bí àwo ṣe ń fò, wọn kò nílò kí ọmọbìnrin láti Inísà wá kọ́ wọn. N kò fi í sínú àbọ̀ mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Adéjàre.


Inísà,
Ọjọ́ 2, oṣù kẹfà, 1993.

Adéjàre,

A kí ọ o. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ara mi le.

Mo ti ṣe ohun tí o ní kí n ṣe, mo sì ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo òwúrọ̀, kí ìrì tó gbẹ, Fọláfúnmi ti wà ní pápá. Mo gbé àga lọ síbẹ̀, mò ń wò ó. Ó ní ìka ń dun òun, mo ní kó fi aṣọ wé e. Ó ní ẹ̀yìn ń ro òun, mo ní ẹ̀yìn ro ìwọ Adéjàre náà nígbà tí mò ń kọ́ ọ, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òun mọ̀ ọ́n jù. Ó ń dé góòlù kejì báyìí, nígbà mìíràn yóò kọjá rẹ̀ lọ bá igi máńgòrò.

Àwọn òbí Ọpẹ́yẹmí wá láti Òkukù láti dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Mo ní kí wọ́n dúró dìgbà tí ọmọ mi bá ti Amẹ́ríkà dé. Bàbá ọkọ ní ọmọ àwọn kì í ṣe èrò ọkọ̀ tí a máa ní kó dúró sí gáréèjì. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Mo ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa retí ẹrù wọn.

O mọ̀ pé tí ilé ìyàwó bá yẹ àdéhùn, gbogbo ohun tí wọ́n kó wá ìdána la gbọ́dọ̀ kó padà. Bíbélì àti òrùka kò ṣòro. A ti jẹ iṣu wọn tán, a ti lá oyin wọn, bẹ́ẹ̀ ni mo lọ ra òmíràn ní Ìkìrun, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì, mo mú Fọláfúnmi dání kí wọ́n má baà sọ pé ọmọ kò mọ̀ sí i. Ìyá Ọpẹ́yẹmí kò jẹ́ kí a wọlé. Ó gba Bíbélì, ó ní kí wọ́n da iṣu náà sílẹ̀ fún ewúrẹ́. A dúró níbẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹ iṣu lójú wa. Ọpẹ́yẹmí jáde síta, ó wo àbúrò rẹ, ó ní, "Fọláfúnmi, ṣé ìwọ náà fẹ́ bẹ́ẹ̀?" Èmi ni mo dá a lóhùn.

Nígbà tí a délé ní ìrọ̀lẹ́, mo ní kó jáde wá jù ú. Ó fi eérú pa ọwọ́. Ó jù ú, àwo náà lọ ju ti ọjọ́kọ́jọ́ lọ. Mo wá mọ̀ pé ó ti tó tán.

Ó kù sí ọ lọ́wọ́. Fi ìwé ìpè náà ránṣẹ́ kíákíá, nítorí ẹnu ti ń kùn wá ní Òkukù, ó sì ti dé Inísà.

Bàbá rẹ,
Tímótì Ọládélé.


Inísà,
Ọjọ́ 4, oṣù kẹwàá, 1993.

Adéjàre,

Mo kí ọ bó o bá wà láàyè. Lẹ́tà kẹta rèé tí mo kọ láti oṣù kẹfà, n kò rí èsì ọ̀kan. Mo kọ́kọ́ rò pé rògbòdìyàn ìlú ni kò jẹ́ kí lẹ́tà rìn. Ṣùgbọ́n Yétúndé, ọmọ ìyá aláṣọ, gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ ní London lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lẹ́tà tirẹ̀ mọ ọ̀nà.

Oṣù kẹjọ ti lọ. Àwọn tó fẹ́ ju àwo ti jù ú tán, wọ́n ti lọ sílé. Gbogbo ọjọ́ ọjà Ìkìrun ni Fọláfúnmi ń lọ wo pósófíìsì. Nígbà tí epo wọ́n tí kò sí bọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ ló fi rìn. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, tí wọ́n bá ti rí i lókèèrè ni wọ́n á ti máa mi orí. Ní Inísà níhìn-ín, Ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ń pè é tó bá ń pọn omi lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ọlábímpé, tí wọ́n jọ kàwé, kò yà wá kí i mọ́.

Síbẹ̀ ó ṣì ń jù ú. N kì í sọ fún un mọ́. Mo máa ń jí, màá gbọ́ tó ti ń tẹ eérú nínú igbá.

Tí ìwé ìpè kò bá sí, sọ ọ́. Tí wọ́n bá ti lé ọ níbi iṣẹ́, sọ ọ́. Tí o bá sì ti kú, kí ẹnì kan nínú àwọn tó sin ọ́ kọ̀wé sí wa, kí a lè sunkún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a sinmi.

Bàbá rẹ,
Tímótì Ọládélé.


Kalamazoo, Michigan,
Ọjọ́ 20, oṣù kejì, 1994.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gba gbogbo lẹ́tà yín. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ dáhùn ni mo fi dákẹ́.

Wọ́n ti fún mi ní ipò náà. Ẹ wo fọ́tò tó wà nínú lẹ́tà yìí, èmi ni mo gbé àwo dání. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ óò rí i pé wọ́n tẹ orúkọ mi sí i lára: ADEJARE. Bí àwo náà ṣe ń jẹ́ nìyẹn káàkiri ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ẹ lè gbé fọ́tò náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi fìlà kan fún yín sínú ẹrù tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nípa Fọláfúnmi, Bàbá, ọ̀rọ̀ náà kò rí bí a ṣe rò ó. Ọ̀gá rò pé èmi ni mo ju àwo náà fúnra mi nígbà tí yìnyín yọ́ díẹ̀. N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un, òun ló rò ó, n kò sì sọ fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí Fọláfúnmi bá wá jù ú lójú wọn, wọ́n á mọ̀ pé òun ni. Ibo ni màá wá gbà? Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Obìnrin pọ̀ níbí tó mọ àwo jù, òyìnbó ni wọ́n, wọn kò nílò físà. Wọ́n ti mú ọ̀kan.

N kò sì ní kí ẹ kó ẹrù ẹlẹ́rù padà. Mo ní kí ìgbéyàwó dúró ná ni. Dídúró kọ́ ni kí ẹ lọ fi iṣu fún ewúrẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ìyẹn rù mí.

Ẹ sọ fún un kó ní sùúrù. Ọmọbìnrin tó bá dára, ọkọ mìíràn á rí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́jú àwo àkọ́kọ́ yẹn dáadáa, kí ẹ má jẹ́ kó máa jù ú mọ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Adéjàre.


Inísà,
Ọjọ́ 15, oṣù kẹrin, 1994.

Adéjàre,

Mo rí fọ́tò rẹ. O sanra. Apá rẹ kò sanra, ó rí bákan náà bó ṣe rí nígbà tí o wà nílé ìwé, apá tí kò lè ju èkùrọ́ kọjá ọgbà. Orúkọ rẹ ni wọ́n tẹ̀ sí i. Apá àbúrò rẹ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí.

Mo bá ọ jíṣẹ́ fún Fọláfúnmi. Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí o ní sùúrù, ọmọbìnrin tó bá dára, ọkọ mìíràn á rí i. Ó ní kí n fi ibi tí o kọ ọ́ sí han òun. Ó kà á, ó tún un kà, ó dá lẹ́tà padà fún mi, ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó sì lọ da omi sí adìẹ. Láti ọjọ́ náà, ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń gbé oúnjẹ mi wá, kò tún sí ọ̀rọ̀ mìíràn láàárín wa.

Ọpẹ́yẹmí gbé ìyàwó ní Òkukù ní Sátidé tó kọjá. Ìyá rẹ̀ fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí wa. Ìwé ìpè tó dé ilé yìí lọ́dún tí a wà yìí nìyẹn.

Mo ti gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wà lábẹ́ ibùsùn mi. Má fi fìlà ránṣẹ́. Má kọ̀wé sí mi mọ́.

Tímótì Ọládélé.


Kalamazoo, Michigan,
Ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, 1995.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má kọ̀wé mọ́. Tí kì í bá ṣe pé ọ̀ràn dé ọrùn, n kò ní kọ ọ́.

Bàbá, àwọn tó ra àwo náà ní Texas àti Arizona, níbi tí oòrùn ti mú bíi tiwa, ti ń dá a padà. Wọ́n ní tó bá ti gbóná, ó ń yà sọ́tùn-ún, kì í padà. Páálí ń dé lójoojúmọ́, ó ti kún ilé iṣẹ́ títí dé ẹnu ọ̀nà. Èmi ni wọ́n ní kí n máa tú u. Ọ̀gá pè mí níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó bi mí pé ṣé n kò rí èyí nígbà tí mo jù ú ni.

Ó wá ní kí n mú àwo àkọ́kọ́ yẹn wá, kí n wá jù ú lójú òun nínú oòrùn, kí òun fi wé èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà. Mo ti purọ́ pé ó wà nílé mi. Mo ti purọ́ pé èjìká ń dùn mí. Ó fún mi láyè di ìparí oṣù kẹwàá. Tí n kò bá gbé e wá, yóò mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo jù ú. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde, tó bá lé mi, wọ́n á kó mi sínú bàálù bí ọ̀daràn. Kí ni màá wá sọ fún ìjọ tó ń retí afárá?

Mo rántí pé Fọláfúnmi sọ nǹkan kan nípa oòrùn nígbà yẹn. Mo ti ju lẹ́tà náà nù. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Kó tún un jù nínú oòrùn lẹ́ẹ̀kan sí i, kó sọ bó ṣe rí lọ́wọ́ nígbà tó bá gbóná àti bó ṣe fò, kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi àwo náà ránṣẹ́ sí mi kíákíá. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá. Òun nìkan ló lè gbà mí.

Èmi ni ọmọ yín,
Adéjàre.


Inísà,
Ọjọ́ 25, oṣù kẹsàn-án, 1995.

Bọ̀ọ̀dá Adéjàre,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú wàhálà. Lẹ́tà tí ẹ kọ sí Bàbá ti dé. Èmi ni mo kà á sí wọn létí, nítorí ojú wọn kò ríwèé kà mọ́. Ara wọn le níwọ̀nba. Èmi náà wà. Ìjọba ti gbà mí síṣẹ́ ní Ìkìrun, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní eré ìdárayá. N kò tíì lọ́kọ. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà dààmú láti béèrè.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí Bàbá ṣe. Wọ́n ti ní àwọn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ yín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á débi tí wọ́n máa kó yín sínú bàálù, wọ́n dìde, wọ́n fọwọ́ tá ilẹ̀ títí wọ́n fi mú àwo náà jáde lábẹ́ ibùsùn. Wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e, wọ́n so ó ní okùn, wọ́n ní kí n gbé e lọ sí pósófíìsì. N kò nawọ́ gbà á. Wọ́n wá bẹ̀ mí. Ẹ kò rí kí Bàbá bẹ èèyàn rí, èmi náà kò rí i rí. Wọ́n ní, "Fọláfúnmi, ẹ̀gbọ́n rẹ ni." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo gbé e jáde.

Wọ́n gbà pé mo ti fi ránṣẹ́, ọkàn wọn sì balẹ̀. Ẹ má dààmú láti kọ̀wé sí wọn pé ẹ kò rí i. Èmi náà ni màá ka lẹ́tà yẹn sí wọn létí.

Ẹ ní kí n sọ bó ṣe rí lọ́wọ́ àti bó ṣe fò. Màá sọ ọ́, n kò purọ́ nínú àbọ̀ mi rí. Etí odò Ọ̀tìn ni mo gbé e lọ, níbi tí ìjọ ń retí kí ẹ wá kọ́ afárá sí. Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà, oòrùn mú, odò sì kún. Mo gbé e lé orí àpáta, mo jókòó tì í títí ó fi gbóná. Nígbà tí mo mú un, ó ti rọ̀ bí etí ọmọ ọwọ́. Kò yọ̀, n kò nílò eérú. Etí tó gé mi níka ní gbogbo òwúrọ̀ ọdún yẹn kò mú mọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò tíì dùn mú tó bẹ́ẹ̀.

Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àyà, mo yí ìdí, mo jù ú pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ó jáde lọ́wọ́ mi láì gbọ̀n. Ó fò gbọọrọ lórí omi, ó dára wò. Nígbà tó dé àárín odò, ó bẹ̀rẹ̀ sí yà sọ́tùn-ún. Mo dúró bóyá yóò padà sósì. Kò padà. Ó kan omi, ó sì rì.

Ẹ ní sùúrù. Ọkùnrin tó bá dára, iṣẹ́ mìíràn á rí i.

Èmi ni àbúrò yín,
Fọláfúnmi.